Ọmọba Olórin ti Venosa

Lójú pópó Ọ̀tìgbà ní Computer Village, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń bá èèyàn kó orin sí mẹ́mọ́rì káàdì, orin King Sunny Adé kì í wọ́n. Ọmọba Oǹdó ni. Nígbà èwe rẹ̀, ojú alágbe ni ilé ọlá fi ń wo olórin. Yunifásítì Èkó ló sọ fún àwọn ará ilé pé òun ń lọ. Ìdí orin ló gbà lọ. Ní 1982, Island Records gbé Juju Music rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì ìtàn Carlo Gesualdo, ọmọba Venosa ní gúúsù Ítálì, tí wọ́n bí ní 1566. Òun náà, orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló fi tẹ ọ̀kan nínú ìwé orin rẹ̀ àkọ́kọ́, torí títa orin kò yẹ ọmọba. Ọmọ ìyá kan náà ni ìyá rẹ̀ àti Carlo Borromeo, kádínà tí ìjọ Kátólíìkì sọ di ẹni mímọ́. Ikú Luigi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 1584 ló sọ ọ́ di àrólé. Ní 1586 ó fẹ́ Maria d'Avalos, ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, èèwọ̀ gidi lọ́dọ̀ tiwa.

Ní òru kan ní oṣù Ọkítóbà 1590, ní Naples, òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ká Maria mọ́ àlè rẹ̀, Fabrizio Carafa, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi. Ipò tó ní kó fi orin pamọ́, òun náà ló bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, bí orin náà ti wù kó dára tó.

Ó sì dára. Ohùn márùn-ún, láìsí ìlù, láìsí gìtá. Nínú jùjú, ọ̀gá á dá, ẹlẹ́gbè á gbè. Níbí, kò sí ọ̀gá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìrora tàbí ikú, àwọn ohùn á yà sí ibi tí etí kò retí rárá. Olórin wa gbọ́dọ̀ wo ojú ẹni tó ń náwó fún un. Gesualdo kò wo ojú ẹnikẹ́ni: ní 1611, inú ilé olódi rẹ̀ ni wọ́n ti tẹ ìwé orin rẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà.

Alfonsino, ọmọ tí ìyàwó kejì, Leonora d'Este, bí fún un, kú ní 1600. Emanuele, ọmọ Maria, kú ní Ọ́gọ́ọ́sì 1613. Gesualdo bàbá rẹ̀ kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Isabella, ọmọ Emanuele, ló jogún Venosa: ọmọ-ọmọ Maria.