Ìdí Tí Ewu Àìsàn Ibà Kò Fi Dọ́gba Láàrin Àwọn Ọmọdé Ìlú Enugu

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń gbé ní ìlú ńlá ló gbà pé ìṣòro àwọn ará oko ni àìsàn ibà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èrò yìí. Ìwádìí NDHS tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin oṣù 6 sí 59, 31 ló ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìgbèríko, nígbà tí ti ìlú jẹ́ 13. Àmọ́ ìwádìí yìí kan náà rí i pé ó jẹ́ 38 láàrin àwọn ìdílé tó tálákà jù lọ, tó sì jẹ́ 6 péré láàrin àwọn tó lówó jù lọ. Bí ìka kò ti dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Enugu. Ẹsẹ̀ òkè Udi ni ìlú èédú yìí wà, odò Ekulu àti odò Asata sì ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn ilé fẹ̀, wọ́n sì jìnnà síra ní Independence Layout. Wọ́n fún pọ̀ mọ́ra ní Abakpa àti Obiagu.

Omi ni ohun àkọ́kọ́ tó ń fa ìyàtọ̀. Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, sábà máa ń yé ẹyin sínú omi tó dúró sójú kan tí kò sì dọ̀tí púpọ̀: omi òjò inú kòtò, ipa táyà ọkọ̀, etí odò, ilé tí a kò kọ́ parí. Ẹ̀fọn inú gọ́tà dídọ̀tí sábà máa ń jẹ́ irú mìíràn. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin náà á ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Kì í sábà fò jìnnà, nítorí náà ọmọ tó ń gbé nítòsí irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ jù.

Ọ̀wọ́n omi ẹ̀rọ ní Enugu ń mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé máa tọ́jú omi sínú dúrọ́ọ̀mù àti táǹkì. Ó yẹ kí wọ́n máa dé e dáadáa, nítorí ẹ̀fọn Anopheles stephensi láti ilẹ̀ Éṣíà, tí a rí ní Nàìjíríà ní ọdún 2020, máa ń pamọ nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Ilé náà tún ṣe pàtàkì. Ẹ̀fọn máa ń gba àlàfo tó wà láàrin ògiri àti òrùlé wọlé, tàbí fèrèsé tí kò ní nẹ́ẹ̀tì.

Ìrìn àjò ni ìkẹta. Ọmọ ìlú tí ẹ̀fọn kì í sábà jẹ kò ní agbára púpọ̀ láti kojú ibà. Bí ó bá lo ìsinmi àsìkò òjò ní abúlé, ó lè gbé àìsàn náà padà wá sílé, kó sì le fún un.

Ẹ̀jẹ̀ pàápàá dá sí i. Àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS kì í sábà ní ibà tó le, ṣùgbọ́n ibà léwu púpọ̀ fún àwọn tó jẹ́ SS.

Nítorí náà, kí òbí má ṣe fi àdúgbò rẹ̀ ṣe àwíjàre. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì olóògùn ní alaalẹ́, ní ìlú àti ní abúlé. Bí ara ọmọ bá gbóná, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ibà. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàrin wákàtí 24, kí ẹ tó lo oògùn. Bí gìrì bá gbé e, tí kò lè jẹun tàbí mu ọmú, tàbí tí kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.