Ọ̀tọ̀ Ni Ìtàn, Ọ̀tọ̀ Ni Ẹ̀dà: Bí Kátálọ́ọ̀gù Ilé-Ìkàwé Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ẹni mẹ́rin lè wá béèrè Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé ìtàn tí Fágúnwà kọ, ní ilé-ìkàwé lọ́jọ́ kan náà, kí ohun tí wọ́n ń wá má sì bára mu. Ọ̀kan ń ṣèwádìí lórí ìtàn náà, èdè yòówù tí wọ́n bá fi kọ ọ́. Èkejì kò gbọ́ Yorùbá. Èyí tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́. Ẹ̀kẹta ń wá èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Ẹ̀kẹrin gbàgbé lẹ́tà kan sínú èyí tó dá padà, ìwé yẹn gan-an ló fẹ́ fojú rí. Káàdì kátálọ́ọ̀gù àtijọ́ ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ sójú kan, kò sì lè dá wọn lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní 1998, IFLA, àjọ àgbáyé àwọn ilé-ìkàwé, gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní FRBR. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín ọ̀rọ̀ náà sí. Iṣẹ́ ni ìtàn tí Fágúnwà pilẹ̀ rẹ̀, ohun tí ọwọ́ kò lè kàn. Ìgbékalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fi sọ ọ́: ti Yorùbá jẹ́ ọ̀kan, ti Ṣóyínká jẹ́ òmíràn. Ìtẹ̀jáde ni ohun tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé gbé jáde, pẹ̀lú ọdún àti iye ojú ewé rẹ̀. Ẹ̀dà ni èyí tó wà lórí pẹpẹ, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya.

Ibi tí a so ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ni agbára ìlànà yìí wà. Orúkọ Fágúnwà wà lára iṣẹ́, orúkọ Ṣóyínká lára ìgbékalẹ̀, 1968 tí ìtumọ̀ náà jáde lára ìtẹ̀jáde, òǹtẹ̀ ilé-ìkàwé lára ẹ̀dà. Bíi ti agboolé ló rí: oríkì baba ńlá kan gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ, àmọ́ ohun tí ọmọ-ọmọ fowó ara rẹ̀ rà kì í di ti baba ńlá. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà lè ti ara ẹ̀dà kan gòkè lọ bá Fágúnwà, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún orúkọ rẹ̀ kọ síbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá wá ṣèèṣì so Ṣóyínká mọ́ iṣẹ́, gbogbo ẹ̀dà Yorùbá pátá ni yóò máa pe Ṣóyínká ní òǹkọ̀wé wọn.

Ààlà kò fìgbà gbogbo hàn kedere o. Ẹni tó bá ka méjèèjì á rí i pé Ṣóyínká kò tẹ̀lé Fágúnwà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Síbẹ̀, lójú ìlànà, iṣẹ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n Lángbòdó, eré tí Wálé Ògúnyẹmí fa yọ nínú ìtàn náà, tí wọ́n ṣe ní àjọ̀dún àṣà FESTAC ní 1977, iṣẹ́ tuntun ni wọ́n kà á sí. Okùn kan ló so ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tó ń wá eré kì í fẹ́ kí wọ́n gbé ìwé ìtàn fún òun.

Ní 2017, IFLA pa FRBR àti àwọn ìlànà méjì tó tẹ̀ lé e pọ̀ di ẹyọ kan, LRM. Nínú ohun mọ́kànlá tó dárúkọ, èyí tó kàn wá jù ni pé orúkọ fúnra rẹ̀ di ohun tó dá dúró. Ẹnì kan á tẹ Fagunwa láìsí àmì ohùn, ẹlòmíràn á fi àmì sí i. Ẹnì kan á kọ Irúnmalẹ̀, ẹlòmíràn á kọ Irúnmọlẹ̀. Kọ̀ǹpútà á fún ẹni náà tàbí iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà kan, á sì so gbogbo ọ̀nà ìkọ wọ̀nyí mọ́ ọn. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní àmì ohùn kò ní pàdánù.

Àmọ́ MARC, ètò ìkọ àkọsílẹ̀ ìwé fún kọ̀ǹpútà tí Henriette Avram darí ṣíṣe rẹ̀ ní Library of Congress ní àwọn ọdún 1960, ni ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ṣì ń lò, bíi káàdì ló sì ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń fi òǹkọ̀wé àti àkọlé wéra, kó tó di àwọn tó jọra pọ̀. Àkọlé Ṣóyínká, The Forest of a Thousand Daemons, kò jọ ti Fágúnwà rárá. Àfi kí òṣìṣẹ́ kọ àkọlé Yorùbá náà sí ìlà 240. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ máa to ìtumọ̀ náà sí.