Àwo Òfìfo Tí Í Sọ Ògbólógbòó Kọ̀ǹpútà Di Ọ̀tun

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fòpin sí ìtọ́jú gbogbogbòò tí ó ń ṣe fún Windows 10. Bí ihò bá yọ lára aṣọ náà báyìí, ẹni tí ó rán an kò ṣèlérí láti lẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ènìyàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ṣì lágbára ni Windows 11 kò gbà wọlé. Oníṣòwò tí ó ń fi irú rẹ̀ jẹun ní Kano tàbí ní Jos lè rò pé àfi kí òun ra òmíràn. Ọ̀nà mìíràn wà.

Linux, tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, kì í ṣe títà. Ní ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé ẹ̀yà rẹ̀ kan tí a ń pè ní Ubuntu jáde. Wọ́n fi àwo rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé títí di ọdún 2011. Lónìí, oníkálukú ni í kọ tirẹ̀. Àwo DVD lásán kò gba ju gígábáìtì 4.7 lọ, Ubuntu tuntun ti tóbi jù ú, ṣùgbọ́n Linux Mint ṣì wọ inú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n a da fáìlì ISO sórí àwo bí ẹni da orin. Kọ̀ǹpútà kò lè ti ara irú àwo bẹ́ẹ̀ tají. Odindi àwo ni a ká jọ sínú ISO. A gbọ́dọ̀ tú u ká. Lórí Windows, kí a tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí fáìlì náà, kí a sì mú «Burn disc image». Ṣáájú èyí, kí a fi nọ́ńbà SHA256 rẹ̀ wé èyí tí àwọn tí ó ṣe é kọ sílẹ̀. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, fáìlì náà kò pé.

Linux Mint lè ṣiṣẹ́ láti orí àwo láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Kí a kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tẹ́ni lọ́rùn, kí a kó àkọsílẹ̀ oníbàárà àti fọ́tò ẹbí sí ibòmíràn kí a tó gbé e wọlé, nítorí ó lè nu gbogbo rẹ̀ nù.

Àwo DVD-R tí a ti kọ tí a sì ti pa dé kò ṣeé yí padà mọ́, nítorí náà fáírọ́ọ̀sì kò lè gùn ún bí ó ti ń gun fíláàṣì. Òfin Linux Mint sì fàyè gba pínpín in fún ẹlòmíràn. Àwo ẹnìkan tó láti jí kọ̀ǹpútà gbogbo àdúgbò.