Jane Drew àti ilé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá

Bí ènìyàn bá gba ẹnu géètì Yunifásítì Ìbàdàn wọlé, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí ilé gogoro Trenchard Hall, àti ilé ìkàwé Kenneth Dike nítòsí rẹ̀. Àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ló ti jókòó kàwé níbẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé àwọn ihò tó wà lára ògiri kọnkéré ilé ìkàwé náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àwọn tó mọ orúkọ obìnrin tó wà nídìí àwòrán rẹ̀ kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Jane Drew ni.

Ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní Thornton Heath, ni wọ́n ti bí i ní 1911. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ilé yíyà ní Architectural Association, ilé ẹ̀kọ́ olókìkí kan nílùú náà. Nígbà tó jáde tó ń wáṣẹ́ kiri, ọ́fíìsì kan lẹ́yìn òmíràn ló ń dá a padà pé àwọn kì í gba obìnrin. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì tó dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀, obìnrin nìkan ló kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè pe ìyẹn ní ẹ̀san, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ogun ti kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ.

Ní 1942 ó fẹ́ Maxwell Fry, ayàwòrán ilé tó ti bá Walter Gropius, ọmọ Jámánì tó dá ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus sílẹ̀, ṣiṣẹ́ pọ̀. Inú agbo kan náà ni tọkọtaya yìí wà, agbo àwọn tó ní kí ilé jáwọ́ nínú iṣẹ́ ọnà rẹpẹtẹ, kí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilé ṣe máa pinnu bí yóò ṣe rí. Ní Yúróòpù, ògiri funfun, òrùlé pẹrẹsẹ àti gíláàsì fífẹ̀ tó ń fa oòrùn wọlé ni wọ́n fi ń dá irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ẹ gbé e wá sí Ìbàdàn nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kí ẹ wò ó bóyá kò ní í di ààrò.

Ní 1944, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Fry ṣe agbaninímọ̀ràn lórí ètò ìlú fún àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Drew bá a ṣe iṣẹ́ náà. Púpọ̀ nínú àwòrán ìlú tí wọ́n yà nígbà yẹn kò kúrò lórí bébà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ di ìwé: *Village Housing in the Tropics* jáde ní 1947, *Tropical Architecture in the Humid Zone* sì tẹ̀lé e ní 1956.

Ẹ̀kọ́ wo ni? Ní aṣálẹ̀, òru máa ń tutù gan-an, ògiri tó nípọn á sì pa òtútù náà mọ́ di ọ̀sán. Lọ́dọ̀ tiwa, òru kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù, ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ débi pé òógùn kì í tètè gbẹ lára. Atẹ́gùn ló lè gbani. Nítorí náà, ilé ní láti tẹ́ẹ́rẹ́, kí yàrá má fara pamọ́ sẹ́yìn yàrá, kí atẹ́gùn tó bá wọlé lápá kan rí ọ̀nà jáde lápá kejì. Àríwá àti gúúsù ni ògiri gígùn ilé yóò kọjú sí. Ògiri kúkurú ni kó kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, torí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni oòrùn máa ń rẹlẹ̀ tí í yọjú wọnú yàrá. Kí òrùlé yọ síta dáadáa. Kí búlọ́ọ̀kù oníhò dá oòrùn dúró, kó má sì dí atẹ́gùn lọ́nà.

Àgbà tó bá gbọ́ èyí lè rẹ́rìn-ín, torí àwọn baba wa ti ń gbatẹ́gùn lọ́dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ òrùlé tó yọ síta tipẹ́tipẹ́. Kọnkéré, ìṣirò ipa ọ̀nà oòrùn àti ilé alájà púpọ̀ ni tọkọtaya yìí fi kún un.

Ìbàdàn ni wọ́n ti rí àyè lo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí University College, tó di Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ ní 1948, Eléyẹlé ló wà, nínú àwọn ilé tí ológun ti lò rí. Fry àti Drew ló ya àwòrán ọgbà tuntun tó kó lọ: Trenchard Hall, àwọn ilé ibùgbé bíi Mellanby àti Tedder, àti ilé ìkàwé, tó gba ọgbọ́n jù lọ, torí ìwé kò fẹ́ ọ̀rinrin, òǹkàwé kò sì fẹ́ ooru.

Ìjọba amúnisìn ló gbé iṣẹ́ yìí fún wọn, a ò gbọdọ̀ fi bò. Ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ṣẹ́ náà nígbà yẹn kò pọ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn yẹn ti lọ kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn, Adedokun Adeyemi, sọ ọ́ síta pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn níbẹ̀ kò bá ojú ọjọ́ ilé mu. Ní 1953, ìpàdé ńlá kan wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Architectural Association dá ẹ̀ka ilé yíyà fún ilẹ̀ olóoru sílẹ̀, Fry sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́.

Drew ti wà ní Íńdíà nígbà náà. Nígbà tí wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà ní 1947, Lahore, olú-ìlú Punjab, bọ́ sọ́wọ́ Pakistan, apá Punjab tó kù sí Íńdíà sì nílò olú-ìlú tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Íńdíà wá bá Fry àti Drew ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ló sì tọ́ka wọn sí ayàwòrán ilé Le Corbusier. Bí ẹnu bá kan Chandigarh, olú-ìlú tuntun náà, lónìí, orúkọ ọkùnrin yẹn nìkan ni aráyé ń pè. Lóòótọ́, òun ló ya àwọn ilé ìjọba ńláńlá, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀. Fry, Drew àti Pierre Jeanneret, ìbátan Le Corbusier, ló ń gbé níbẹ̀ tí wọ́n ń yàwòrán ilé tí mẹ̀kúnnù yóò sùn.

Bí owó oṣù bá ṣe tó ni ìjọba ṣe pín ilé fún òṣìṣẹ́, oríṣi 13. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, ni Drew gbájú mọ́: yàrá méjì, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àgbàlá kékeré. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì wo ló ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ láyé ìgbà yẹn? Lójú tèmi, ilé wọ̀nyí ju ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí àwọn arìnrìn-àjò ń lọ wò lọ.

Nígbà tó padà sílé, ó ya àwòrán Open University ní Milton Keynes, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ Architectural Association, ní 1969. Wọ́n fi oyè Dame dá a lọ́lá ní 1996. Oṣù Keje ọdún náà ló kú, ní ẹni ọdún 85. Ẹ̀bùn kan wà lórúkọ rẹ̀ báyìí fún obìnrin tó bá ṣe gudugudu méje nídìí iṣẹ́ náà. Zaha Hadid, ọmọ Iraq tí òun náà jáde ní Architectural Association, gbà á ní 2012.