Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ló ń pọnmi òjò: ẹ wo ojú ọ̀run kí ẹ tó fín òwú



Oògùn kòkòrò àti ajílẹ̀ tí a gbà ní àwìn, inú owó òwú ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Bí òjò ńlá bá dé kété tí ẹ fín oògùn tán, òjò á fọ oògùn lọ, gbèsè á sì wà nílẹ̀. Nítorí náà la ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ nítòsí ilẹ̀ ṣe ń mú òjò ńlá wá, kí ẹ lè mọ ọjọ́ tó yẹ kí ẹ fín oògùn àti ọjọ́ tó yẹ kí ẹ dúró.

Afẹ́fẹ́ méjì, ọ̀kan lórí èkejì

Ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ti apá aṣálẹ̀ wá ló ń fẹ́ ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, afẹ́fẹ́ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí òkun wọlé, láti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn. Ó ti fa ọ̀rinrin mu lójú òkun, ó sì tutù ju ti aṣálẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kì í ga púpọ̀: nígbà tí àsìkò òjò bá múlẹ̀, ó máa ń nípọn tó nǹkan bí mítà 1500 sí 2000. Lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìlà oòrùn ṣì ń fẹ́ lọ ní tirẹ̀.

Níbi tí afẹ́fẹ́ òkun bá ti tinrin, òjò rẹ̀ kì í tó nǹkan. Níbi tó bá ti nípọn ni òjò ńlá ti ń rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó máa ń wọlé, ó tún máa ń padà sẹ́yìn. Òun ló fà á tí òjò kan fi lè rọ̀ ní oṣù kẹta, kí ọ̀dá sì tẹ̀ lé e.

Kí ló dé tí òjò fi ń ti ìlà oòrùn wá?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i pé afẹ́fẹ́ ń ti ìwọ̀ oòrùn fẹ́, síbẹ̀ apá Nàìjíríà ni òjò oníjì ti ń ṣú bọ̀. Méjèèjì kò ta ko ara wọn. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ló ń pọnmi, afẹ́fẹ́ òkè ló ń rù ú.

Bí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin á gòkè, á sì di àwọsánmọ̀ tó ga bí òkè. Òjò tó bá ń rọ̀ nínú rẹ̀ á mú kí afẹ́fẹ́ tutù, á já bọ́ sílẹ̀, á sì tàn ká síwájú. Ìjì tútù tó ń gbé eruku dìde kí òjò tó dé nìyẹn. Ìjì yìí á wọ abẹ́ afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tó wà níwájú, á tì í gòkè, àwọsánmọ̀ tuntun á sì yọ. Ó dà bí iná tó ń rí igi jẹ: níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ bá ń kó ọ̀rinrin wá pàdé rẹ̀, kì í kú. Ó lè rin kìlómítà 40 sí 50 ní wákàtí kan. Èyí tí ẹ rí tó ń ṣú lókèèrè lè dé kí ẹ tó fín oko dé ìdajì.

Ojú ọ̀run tó ṣú láàárọ̀ kọ́ ni ẹ ó bẹ̀rù

Ní òru, afẹ́fẹ́ òkun máa ń yára sí i, ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lókè orí wa, bí ilẹ̀ tilẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Òtútù tó ń gbé wá ló ń mú kí àwọsánmọ̀ pẹlẹbẹ bo ojú ọ̀run láàárọ̀. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ wá sí Ṣábẹ̀, sí Ilé-Ifẹ̀ àti sí Kumasi ní Ghana, láti wọn afẹ́fẹ́ àti àwọsánmọ̀ yìí. Òjò wínníwínní ló sábà ń ti inú rẹ̀ jáde, oòrùn sì máa ń tú u ká nítòsí ọ̀sán.

Ní oṣù kẹjọ, ní apá Kétu àti gúúsù, afẹ́fẹ́ òkun lè le kí òjò má sì rọ̀. Omi òkun máa ń tutù lásìkò náà, afẹ́fẹ́ tó bá ti orí rẹ̀ wá kì í fẹ́ gòkè.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ so ọ̀já aṣọ fẹ́lẹ́ mọ́ orí igi gíga létí oko, kí ẹ lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá.

2. Bí àwọsánmọ̀ bá pẹlẹbẹ láàárọ̀, tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, tí ìrì sì ti gbẹ lára ewé, ẹ fín oògùn. Ẹ wo ara ìgò fún iye wákàtí tí oògùn nílò kí òjò tó kàn án.

3. Bí afẹ́fẹ́ òkun kò bá dáwọ́ dúró, tí ara ń móoru, tí àwọsánmọ̀ sì ń wú sókè ní ìlà oòrùn, ẹ má fín oògùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ má fi urée sílẹ̀ pẹ̀lú. Àgbàrá á kó o lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi í, ẹ bò ó mọ́lẹ̀.

4. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ lójijì, tó sì yí padà pẹ̀lú òtútù láti ìlà oòrùn, òjò ti dé. Ẹ kúrò lóko, ẹ má sá sábẹ́ igi nítorí àrá.

5. Ẹ máa gbọ́ ìkéde Météo-Bénin lórí rédíò.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́: ibi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, àti wákàtí tí òjò rọ̀. Bí àsìkò bá parí, ẹ kà á papọ̀ níbi ìpàdé, kí ẹ tó tún gba oògùn ọdún tó ń bọ̀.