Ẹ́ńjìnì Jẹnẹrétọ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́ Òṣómàáló

Ẹ̀yìn ilé ni iṣẹ́ náà wà, ní àdúgbò kan tó yà kúrò lójú títì Ìbòkun ní Òṣogbo, níbi téèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn dé Igbó Ọ̀ṣun kí oòrùn tó mú. Mo bá baálé ilé lórí àpótí ìjókòó, ó ti dojú kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú kan délẹ̀, ó ń fi àkísà tó rin fún kẹrosíìnì nu ìdí pẹ́dà rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà, ará Iléṣà, ló ni kẹ̀kẹ́ náà. Òṣómàáló ni wọ́n: wọ́n á di aṣọ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á kiri abúlé, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì padà lọ gbowó. Kàríà ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì.

“Ẹ ò ní nà án?” mo bi baálé ilé.

“Ẹrù aṣọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

Lórí tábìlì, ẹ́ńjìnì jẹnẹrétọ̀ Tiger kékeré, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí “I pass my neighbour”, wà níhòòhò: kò sí férémù, kò sí wáyà, wọ́n ti tú apá tó ń mú iná wá dànù. Àwo tó bo fáànù rẹ̀ nìkan ni wọn ò yọ. Ojú kan ni jẹnẹrétọ̀ ń jókòó sí, afẹ́fẹ́ ọ̀nà kì í fẹ́ sí i, nítorí náà fáànù tirẹ̀ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ó máa nílò rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú.

Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé lèyí, kó wo ibi tí Honda ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1946, tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Soichiro Honda rí àwọn ẹ́ńjìnì kéékèèké tí ọmọ ogun Japan fi ń pèsè iná fún rédíò wọn, ó sì so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ní ìlú Hamamatsu. Ohun èlò tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí kí ibùsùn lè móoru ló kọ́kọ́ fi ṣe táńkì epo. Ọmọ jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀kadà Honda, bí a bá tọ ìdílé rẹ̀ dé òkè.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń dán irú iṣẹ́ yìí wò, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Ti bàbá yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n VéloSolex ló mú, kẹ̀kẹ́ àwọn Faransé tó jáde lọ́jà lọ́dún 1946 náà: kò sí ṣéènì láàárín ẹ́ńjìnì àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, róólà kan ló ń tẹ táyà tí táyà fi ń yí. Iwájú ni Solex gbé tirẹ̀ sí. Òun gbé e sórí kàríà òṣómàáló, ó fi irin méjì tó ń ṣí tó ń pa bí ìlẹ̀kùn gbé e dúró. Bó bá fa ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, róólà á gbéra kúrò lára táyà. Bó bá sọ ọ́ sílẹ̀, á jókòó lé e. Gbogbo rẹ̀, bóòtù àti ìdè irin ló dì í mú, pẹ̀lú awẹ́ rọ́bà lábẹ́ kí ọ̀dà àtijọ́ má bàa bó. Kò lu ihò kan ṣoṣo sí férémù. Mọ́dígáàdì ẹ̀yìn ni ì bá dí róólà lọ́wọ́. Ó ra òmíràn lọ́jà, ó gé ìyẹn, ó wé ti bàbá àgbà nínú ìwé ìròyìn, ó gbé e sórí àjà.

Ìṣirò wà lára ògiri, ṣọ́ọ̀kì ló fi kọ ọ́. Nítorí pé iná 50 hertz ni ilé wa ń lò, ìgbà 3,000 ni jẹnẹrétọ̀ yìí ń yí ní ìṣẹ́jú kan, governor kan ló sì ń dì í mú kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ìbú róólà jẹ́ mìlímítà 40, nítorí náà ìyípo rẹ̀ kan ń ti táyà síwájú ní nǹkan bí mìlímítà 126. Sọ ọ́ di wákàtí kan, nǹkan bí kìlómítà 22 àti ààbọ̀ ni.

Àwọn ọmọ àdúgbò tó dúró tì wá kò fara mọ́ ọn. “Bàbá, ẹ yọ governor yẹn jàre, kó lè sáré!”

“Kí ló máa wá dá a dúró?”

Ìbéèrè yẹn ló gba iṣẹ́ jù lọ. Raleigh àtijọ́ kò ní kébù bíréèkì; ọ̀pá irin gbọọrọ ló ń fa rọ́bà sókè kó lè tẹ inú rímù. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ṣiṣẹ́. Bí òjò bá rọ̀, rímù dídán yẹn á máa yọ̀. Bàbá wá họ́ọ̀bù tó ní bíréèkì nínú, láti ara alùpùpù kékeré kan tó ti kú. Ihò 36 ló wà lára họ́ọ̀bù náà. Rímù iwájú kẹ̀kẹ́ yìí ní 32, ti ẹ̀yìn ní 40. Ó di dandan kó ra rímù mìíràn, kó sì gé gbogbo sípóòkù kúrú, torí họ́ọ̀bù náà sanra. Ọ̀pá àárín rẹ̀ kò wọ fọ́ọ̀kì. Ẹlòmíràn ì bá fi fáìlì la fọ́ọ̀kì. Ọ̀pá ló fi fáìlì dín kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Mo jókòó ti bàbá nígbà tí wọ́n ń hun ẹsẹ̀ náà. Wọ́n á di sípóòkù kan, wọ́n á fi èékánná ta á, wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n á lọ sórí èkejì. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá wálẹ̀, wọ́n á tún un dì.

Títì Ìbòkun yìí kan náà ni Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, gbé títí tó fi kú lọ́dún 2009. Nígbà tí ojúbọ alámọ̀ inú Igbó Ọ̀ṣun ń wó, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí Adébísí Àkànjí, tí iṣẹ́ bíríkìlà jẹ́ tirẹ̀, fi sìmẹ́ǹtì gbé àwọn nǹkan tí ojú kò rí rí dìde níbẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kò ṣe é tú bí amọ̀. Mo sọ fún bàbá pé àwọn yẹn kò bẹ̀rù àtúnṣe tí kò ní àbọ̀.

“Òrìṣà ló ni tiwọn,” ni wọ́n fèsì. “Bàbá àgbà mi ló ni èyí.”

Síbẹ̀, táńkì epo fi hàn pé ọmọ Òṣogbo ni wọ́n. Tíńkà ló fi òjé lẹ̀ ẹ́ pọ̀, bàbá sì fi òòlù àti ìṣó lu ẹja àti ẹyẹ sí ojú rẹ̀, lọ́nà tí Àṣírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ tó di gbajúmọ̀ ayàwòrán, máa ń gbà lu páànù nígbà ayé rẹ̀. Ẹja náà ti pọ̀ jù lójú mi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnì ni kí n wò.

Lítà epo kan, mìlílítà ọ́ìlì 25. Wọ́n mì í pọ̀, wọ́n rọ ọ́ sínú táńkì, wọ́n fa okùn. Èéfín gba gbogbo àgbàlá, àwọn adìyẹ sá. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ dé ẹnu títì kí wọ́n tó sọ róólà sílẹ̀, ariwo náà wálẹ̀ díẹ̀, ó sì ń lọ. A ń tẹ̀ lé wọn lórí ọ̀kadà. Kí wọ́n tó dé ọgbà Igbó Ọ̀ṣun, wọ́n pa ẹ́ńjìnì, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wà á kọjá pátápátá.

Ní àbọ̀, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bíréèkì tuntun mú un dáadáa, ṣùgbọ́n róólà ń yọ̀ lórí táyà tútù. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ti tú. Bàbá gbé sípánà, ó ní òun á dá róólà padà sọ́dọ̀ ẹni tó yí i, kó ha ojú rẹ̀ kó lè di táyà mú. Mo ní bí ojú rẹ̀ bá ti rí págunpàgun, á máa jẹ táyà.

“Táyà 28 ṣì wà lọ́jà,” ni wọ́n wí. “Kó kọ́kọ́ jẹ ọ̀kan tán ná, ká mọ iye oṣù tó máa gbà á.”