Ìkọ́ni àti Ìwàláàyè Ijó Ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kerala, Orílẹ̀-Èdè Íńdíà

Ìfáárà

Ní etíkun ìwọ̀-oòrùn gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà ni ìpínlẹ̀ Kerala wà. Èdè Malayalam ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń sọ, ọdún 1956 ni wọ́n sì dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ijó àti eré orí ìtàgé wà lára ohun tí a fi ń dá Kerala mọ̀ láàrin àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Mẹ́ta tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni Kutiyattam, Kathakali àti Mohiniyattam. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń rẹ̀yìn. Lónìí, wọn kò kú, wọn kò sì di ohun àmúṣèranwò lásán. Àlàyé tó tẹ̀lé èyí yóò sọ àbùdá ijó kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi hàn pé àyípadà tó dé bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọmọ ní ijó, pàápàá ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ ọ, ló dá ẹ̀mí wọn sí.

Kutiyattam: Eré Inú Ọgbà Tẹ́ńpìlì

Kutiyattam ló dàgbà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Eré onítàn ni, èdè Sanskrit ni wọ́n sì fi kọ ìwé àwọn eré náà. Gbọ̀ngàn pàtàkì kan tí wọ́n kọ́ sínú ọgbà tẹ́ńpìlì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ kuttampalam, ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Iṣẹ́ àjogúnbá ni. Àwọn ọkùnrin ìdílé Chakyar ni òṣèré. Àwọn ọkùnrin Nambiar ló ń lu mizhavu, ìlù ńlá tó rí bí ìkòkò. Àwọn obìnrin ìdílé Nambiar, tí wọ́n ń pè ní Nangiar, ló ń kó ipa obìnrin, àwọn náà ló sì ń lu aro.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ Kutiyattam ṣe rí gan-an nìyẹn. Òṣèré lè jókòó sójú kan, kí ó fi ẹyinjú, ìpéǹpéjú àti ọwọ́ nìkan ya àwòrán òkè, iná tàbí ogun sọ́kàn ẹni tó ń wò ó. Ó lè lo ọ̀pọ̀ wákàtí lórí ẹsẹ ewì kan ṣoṣo, eré kan sì lè gba ọ̀pọ̀ òru kí ó tó parí.

Kathakali: Ijó Tó Ń Sọ̀tàn

Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Kathakali fìdí múlẹ̀. Ó jẹ́ ìdàgbàsókè lórí Ramanattam, eré nípa ìtàn Rama tí ọba Kottarakkara dá sílẹ̀. Òṣèré Kathakali kì í sọ̀rọ̀. Àwọn akọrin ló ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń kọ ìtàn náà lórin, ìlù chenda àti maddalam a sì máa dún tẹ̀lé wọn. Ọwọ́ ni òṣèré fi ń sọ ohun tí akọrin fi ẹnu sọ. Àmì ọwọ́ mẹ́rìnlélógún ni ìpìlẹ̀. Bí lẹ́tà díẹ̀ inú álífábẹ́ẹ̀tì ṣe ń so pọ̀ di ọ̀rọ̀ tí kò lóǹkà, bẹ́ẹ̀ ni àmì wọ̀nyí ń so pọ̀ mọ́ ìṣesí ojú àti ara láti di ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe àti odidi gbólóhùn.

Ojú tí wọ́n kùn pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Àwọ̀ ewé wà fún akọni tó níwà ọmọlúàbí àti ọba rere. Bí wọ́n bá fi àmì pupa tó tẹ̀ kọdọrọ bí ọ̀bẹ sí àwọ̀ ewé yìí, agbéraga ni ẹni náà. Irùngbọ̀n pupa jẹ́ ti ìkà, irùngbọ̀n funfun jẹ́ ti Hanuman, ọ̀bọ inú ìtàn tó jẹ́ olóòótọ́ sí Rama. Àwọn obìnrin àti àwọn ẹni mímọ́ a máa lo àwọ̀ tó rọra ń dán. Kíkun ojú yìí ń gba wákàtí púpọ̀. Òṣèré a fẹ̀yìn lélẹ̀, oníṣẹ́ ọnà a sì máa tẹ́ ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n pò sí etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a fi ìlù kéde pé eré wà. Wọn a tan fìtílà ńlá olóròóró síwájú ìtàgé, eré a sì máa lọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Mohiniyattam: Ijó Obìnrin

Mohini, ìrísí obìnrin arẹwà tí òrìṣà Vishnu gbé wọ̀, ni ijó yìí gba orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ló sábà máa ń jó o. Aṣọ funfun tí etí rẹ̀ ń dán bíi wúrà ni ó ń wọ̀, ara rẹ̀ a sì máa mì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìsí fífò líle. Swathi Thirunal, ọba Travancore tó wàjà ní ọdún 1846, fún ijó yìí ní àtìlẹ́yìn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ijó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn, àwọn ènìyàn sì wá ń fi ojú ẹ̀gàn wo àwọn tó ń jó o.

Láti Agbo Ilé Dé Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwọn ìdílé ọlọ́lá àti tẹ́ńpìlì ló ń gbọ́ bùkátà àwọn òṣèré. Nígbà tí agbára àwọn ìdílé yìí dínkù, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í lé òṣèré kúrò nídìí iṣẹ́. Ní ọdún 1930, akéwì Vallathol Narayana Menon àti Mukunda Raja dá ilé-ẹ̀kọ́ Kerala Kalamandalam sílẹ̀. Títa tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì wà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà kó owó jọ fún un. Ìlú Cheruthuruthy, létí odò Bharathapuzha, ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà.

Wọn kò pa ìlànà àtijọ́ tì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ Kathakali ti ń jí láti fi ẹyinjú ṣe ìdánrawò. Ní àkókò òjò, olùkọ́ a máa fi ẹsẹ̀ tẹ ara rẹ̀ tí wọ́n ti fi òróró pa, kí oríkèé-ríkèé lè rọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìdílé nìkan kọ́ ló ń pinnu ẹni tí yóò kọ́ṣẹ́ mọ́.

Ìlẹ̀kùn náà kò ṣí lọ́jọ́ kan. Ní 1936, àṣẹ ọba Travancore gba gbogbo ẹlẹ́sìn Híńdù láyè láti wọ tẹ́ńpìlì tó wà lábẹ́ ìjọba rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Painkulam Rama Chakyar gbé Kutiyattam jáde kúrò nínú ọgbà tẹ́ńpìlì, àwọn kan nínú ìran rẹ̀ sì bínú sí i gidigidi. Ní 1965, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Kalamandalam, ó sì gba ọmọ tí kì í ṣe Chakyar. Kalamandalam Hyderali, ọmọ Mùsùlùmí, di ọ̀kan lára àwọn akọrin Kathakali tí òkìkí wọn kàn jù, síbẹ̀ àwọn tẹ́ńpìlì kan kò jẹ́ kí ó wọlé kọrin. Àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ Kathakali tiwọn sílẹ̀ ní Tripunithura ní 1975, ṣùgbọ́n ó di 2021, ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀, kí Kalamandalam tó gba ọmọbìnrin sí ẹ̀kọ́ Kathakali. Ní 2024 ni ó pinnu láti gba ọmọkùnrin sí Mohiniyattam.

Ohun Tó Sọnù

Èrè yìí kò ṣàìní àdánù tirẹ̀. Eré òru mọ́jú ti di eré wákàtí kan tàbí méjì níwájú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ọmọ tó dàgbà sínú agbo ilé Chakyar máa ń gbọ́ Sanskrit, ìtàn àti ìlù láti kékeré; akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ń kọ́ wọn ní wákàtí tí tábìlì ẹ̀kọ́ là sílẹ̀. Ìmọ̀ tó jẹ́ odidi tẹ́lẹ̀ ti di abala-abala, olùkọ́ ló sì gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ fún ọmọ.

Ìgúnlẹ̀

Ní ọdún 2001, nígbà tí àjọ UNESCO kọ́kọ́ kéde àwọn ohun àjogúnbá àfẹnusọ tó ta yọ lágbàáyé, orúkọ Kutiyattam àti ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilẹ̀ Yorùbá jọ jáde lọ́jọ́ kan náà ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Kerala kan olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ìdílé nìkan kò lè dá ẹrù àṣà gbé nígbà tí ayé bá yí padà, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ lè bá wọn gbé e bí ó bá bọ̀wọ̀ fún ìlànà àwọn àgbà, tó sì ṣí ìlẹ̀kùn fún ọmọ tó bá ní ẹ̀bùn àti ìfaradà. Ìkéde kò kọ́ ọmọ ní ijó rí. Olùkọ́ tó jí kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń kọ́ ọ.